Má-Sọ-Fún-Mi àti Píkọ́ọ̀pù Nọ́ọ̀sì Tó Ń Gbọ̀n

Ọjọ́ tí mẹkáníìkì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Má-Sọ-Fún-Mi wa mọ́tò oníbàárà wọ ògiri ilé ara rẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹni tó ni mọ́tò ń sáré tẹ̀ lé e: "Bàbá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe é." Bàbá na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé: "Ẹ má sọ fún mi." Ó tẹ iná. Ògiri wó. Bàbá bọ́ sílẹ̀, ó gbọn eruku kúrò ní fìlà rẹ̀, ó ní, "Mo ti rí i. Búréèkì ni."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ó fi dágbére fáyé. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti ṣàlàyé àìsàn mọ́tò fún un ti gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ò gbọdọ̀ sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Bàbá á tọ́ ọbẹ̀ wò, á wojú àjà, á ronú, á wá kéde fún gbogbo ilé pé iyọ̀ ni ò sí.

Ẹni tí ìwà yìí kó sí wàhálà jù ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ń gbé àwọn aláboyún gun òkè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó gbé e lọ bá bàbá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni.

"Ẹ má sọ fún mi."

"Bàbá, orí òkè nìkan ló…"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé mo máa ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí?"

Ó wa ọkọ̀ náà yí ilẹ̀ títẹ́jú iwájú ṣọ́ọ̀bù ká, láìsí ẹrù kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ̀n. Ó gbá táyà nípàá, ó mi ẹ́ńjìnì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde. Ó ní ara ọkọ̀ le koko, nọ́ọ̀sì ló jọ pé kò rí oorun sùn.

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn ni fóònù nọ́ọ̀sì dún. Aláboyún kan ti ń rọbí látàárọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ló ṣíwájú, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí. Nọ́ọ̀sì wo bàbá. Bàbá wo píkọ́ọ̀pù. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Tó bá gbọ̀n, màá gbọ́ ọ," ó ní. "Tí mo bá lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ iná. Lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò."

Wọ́n gbé aláboyún síwájú, àwọn ará ilé rẹ̀ kún ẹ̀yìn fọ́fọ́. Bàbá dojú bolẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn, ó lẹ etí mọ́ irin. Bí wọ́n ṣe kọjú sí òkè tí nọ́ọ̀sì tẹ iná, gbígbọ̀n náà dé. Eyín nọ́ọ̀sì ń lu ara wọn. Bàbá lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ dákẹ́. Àfi bí ìrora ṣe mú aláboyún, tó fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn gbàà, lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì rò pé bàbá ni, ó tẹ iná. Bàbá tún lu méjì, aláboyún tún lu ẹyọ kan. Ọkọ̀ ń sá, ó ń dúró, bí ọmọ tí ìyá méjì ń pè.

Ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Irin kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ wọn. Bàbá rákò dé ojú fèrèsé ẹ̀yìn, ó ṣí i. Òógùn ti bò ó.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹ sọ fún mi."

Aláboyún pàápàá gbàgbé láti ké.

"Tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí mo sì tẹ iná lórí òkè, á gbọ̀n. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀, á dákẹ́. Látìgbà tí mo ti la odò tó kún kọjá ni."

"Kì í ṣe táyà nìyẹn. Táyà ì bá máa gbọ̀n, ẹ tẹ iná, ẹ ò tẹ iná. Purọpẹ́là ni, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Omi ti fọ gírísì kúrò ní oríkèé rẹ̀. Tó bá já, ibí la máa sùn. Ẹ wọ gíá kìíní, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn." Ó yíjú sí aláboyún. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má lu mọ́tò mọ́. Ọwọ́ mi rèé, òun ni kí o fìyà jẹ."

Aláboyún gbá ọwọ́ náà mú. Bàbá gbé àgbọ̀n lé etí fèrèsé kó lè máa mọ bí irin ṣe ń gbọ̀n, ọkọ̀ sì ń fà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí òkè, bàbá ló ń ké ju aláboyún lọ.

Ìyá yè, ọmọ yè. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde síta, ó bá ẹsẹ̀ bàbá lábẹ́ píkọ́ọ̀pù. Bàbá yọ jáde, ó la àtẹ́lẹwọ́: oríkèé náà ti gbẹ, ó ti dípẹtà, ó ń rún sílẹ̀ bí èérún búrẹ́dì.

"Mo ti rí i," ó ní, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún un rí. "Purọpẹ́là ni."

Nígbà tí bàbá wá darúgbó gan-an, tí kò lè dìde mọ́, nọ́ọ̀sì lọ wò ó nílé. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn lé e láyà. Ó fetí sílẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó la ẹnu.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí àpá èékánná aláboyún ọjọ́sí ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ má sọ fún mi," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ti rí i."

Nọ́ọ̀sì ṣì ń wa píkọ́ọ̀pù náà gun òkè. Kò gbọ̀n mọ́. Síbẹ̀, tó bá ti ku díẹ̀ kó dé ibi tí ọ̀nà ti ga jù, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á ṣí fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀.