Fíríìjì Ọ̀rẹ́ Mi

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n gbé mi wá sí Ogida, àdúgbò kan tí kì í ṣe ti Yorùbá, láti máa gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Ó pẹ́ kí àwọn ìyá tó gbà pé n kò wá pa wọ́n lọ́mọ. Obìnrin aránṣọ kan ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi. Lẹ́yìn tirẹ̀, bí wọ́n bá rí mi lókèèrè báyìí, wọn á ti máa sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn.

Oògùn náà kò fẹ́ ooru rárá, iná kì í sì í dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan, àbúrò mi lọ́jọ́ orí, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá, ní fíríìjì tó ń lo karosíìnì nílé rẹ̀ ní GRA. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa kó oògùn náà wá síbẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé oògùn náà kò gbọdọ̀ jáde nínú fíríìjì rárá.

Lọ́dún kan, èéyi wọ Ogida, àwọn ọmọ tí mo gún gan-an ló mú. A sin ọmọ aránṣọ.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi. "Ṣé o kó oògùn yẹn jáde?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí ọ̀gá ọkọ mi wá kí wa ni. Mo fẹ́ mú mínírà tutù fún un, kò sì sí àyè mọ́. Àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ péré ni, mo sì dá a padà. Ó tún tutù nini."

"Ṣé ọbẹ̀ lo pè é ni, tí a ń gbé kaná, tí a ń gbé kúrò?"

Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun yóò bá mi dé Ogida, òun yóò fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún àwọn ìyá. Mo gbà á gbọ́.

Ní ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday yẹn, òun ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì. Èèyàn a máa ṣe àṣìṣe. Àgbà ti ń dé sí wọn." Mi ò tíì pé ogójì ọdún! Gbogbo wọn ṣe àmín.

Kò bá mi dé Ogida. Èmi nìkan ló gbé oògùn tuntun lọ, mo ní ti tẹ́lẹ̀ ló bàjẹ́, kí wọ́n tún gbé ọmọ wá. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, who spoil am?"

Mi ò lè fa ọ̀rẹ́ mi lé e lọ́wọ́. Òmùgọ̀ ni mí nígbà yẹn.

"Na me," mo ní.

Ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù náà tilẹ̀kùn. Mi ò gún ọmọ kankan mọ́ ní àdúgbò yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ mi di alága ìgbìmọ̀ ìlera ìyá àti ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú oògùn.

Aránṣọ, bí o bá ṣì wà láyé, irọ́ ni mo pa fún ọ. Èmi kọ́.