Ọwọ́ Òsì Tàjù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Tàjúdéènì Àdìó, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ní Alábà. Oníṣòwò lásán ni níbẹ̀, ọmọ Ayétòrò, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí kì í pariwo. Àárọ̀ Sátidé ni kẹ́ ẹ wá, sí pápá ilé ìwé tó wà ní Ẹ́sítéètì Ìbà, níbi tí ẹgbẹ́ mọ́sálásí wa ti ń múra sílẹ̀ fún ìwọ́de Mọ́ólúdì. Ẹ ó rí ọkùnrin kúkúrú kan tó gbé ìlù kọ́rùn, tó ń bú àgbàlagbà bí ẹni ń bú ọmọ ilé kéwú. Òun nìyẹn. Ọ̀gá ni àwọn yòókù ń pè é. Èmi Sàká, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, Tàjù ni mo ń pè é, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bú èmi náà.

Ìlù sáìdì là ń lù, ìlù pẹlẹbẹ tí wáyà tín-ín-rín wà lábẹ́ rẹ̀, tó máa ń dún ṣáà bí igi bá ti kàn án. Àwa mẹ́fà la máa ń tò sí ìlà kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ká ṣáà ti máa gbá a ni. Lójú Tàjù, bí igi ṣe ga tó kó tó balẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìka mẹ́ta sókè awọ bí a bá ń lù ú jẹ́jẹ́. Ìkúùkù kan bí a bá ń rìn. Ìkúùkù méjì, ọ̀kan lórí èkejì, bí a bá dé iwájú àwọn èèyàn ńlá. Igi méjèèjì gbọ́dọ̀ ga dọ́gba, kí orí wọn kọjú síra láàárín awọ, kí ìdí wọn má sì rẹlẹ̀ débi tí wọ́n á fi máa gbá etí ìlù. Ọwọ́ òsì ló le jù, torí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń kọjú sókè, a ó sì máa yí ọrùn ọwọ́ bí ẹni ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ Tàjù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀jọ́. Tàjù ló kọ́ mi, ó sì fi igi gbá mi níka títí mo fi mọ̀ ọ́n.

Òfin kan wà tí kì í fi í ṣeré. Ẹni tó dúró ní ìparí ọ̀tún ni gbogbo ìlà ń wò. Òun ló máa ń dúró síbẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ́wọ́ òsì. Mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọwọ́ rẹ̀, Sherif tó tẹ̀lé mi á máa wo tèmi, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnì kẹfà. Kò sẹ́ni tí igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti Tàjù lọ, kò sì sẹ́ni tí tiẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ. “Tí mo bá ṣìnà, ká jọ ṣìnà,” ló máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín, torí kò gbà pé òun lè ṣìnà láéláé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìgbáradì tó kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ rí i. A dé ibi ìkúùkù méjì, igi ọ̀tún rẹ̀ gòkè dáadáa, ti òsì ò ju ìkúùkù kan àti díẹ̀ lọ. Mo rò pé ojú mi ni. Ó tún ṣe é. Ìdí igi náà sì ń gbá etí ìlù, tá, tá, ohun tí ì bá torí ẹ̀ lé ẹlòmíràn kúrò ní pápá. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kó lè bá òsì dọ́gba, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀.

Kí ni mo wá ṣe? Mo mú tèmi wálẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ló ń tì mí fún un, pé kí àwọn ọmọ tó ń bú lójoojúmọ́ má lọ rí i.

Sherif yíjú sí mi. “Bàbá Sàká, ṣé a ò ní gbé e sókè mọ́ ni?”

“Ọwọ́ mi ni mo ní kó o máa wò,” mo dá a lóhùn. “Mi ò ní kó o sọ̀rọ̀.”

Ó wo ọwọ́ mi. Àwọn yòókù wo tiẹ̀. Kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlà ti wálẹ̀ wá bá Tàjù.

Ẹ wo iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Tàjù kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìlà ló máa ń wò: bí ìlà bá gún, ọwọ́ òun dáa nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo tí ì bá sọ fún un pé ara rẹ̀ ò yá, èmi ni mo mú un kúrò. Ó wo ìlà, ó rí i pé ó gún, ó ní “Máṣá Allah.” Ohùn ìlù tó rẹlẹ̀ ló wá ń dà á láàmú. Ó ní òjò ló mú awọ rọ̀. Ó fún awọ náà le títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ ra awọ tuntun fún ìlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo bá a gbé wọn wálé, mo sì ń yìn ín lójú ọ̀nà pé ojúlówó ló rà.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ìyànà-Ìbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo to ojú ìwé wọn kọjú sẹ́yìn, mo tẹ orúkọ ẹnì kan sára iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n fọkàn sí nǹkan kan. Ọwọ́ ni rọpárọsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ ibi tó parí sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe Sàdíátù, ìyàwó Tàjù, tí mo gé e bó ṣe dún lẹ́ẹ̀kan. Níkẹyìn ó pè mí padà.

“Bọ̀dá Sàká, mo rí i pé ẹ pè mí. Ṣé kò sí wàhálà o?”

“Kò sí. Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ńkọ́?”

“Wọ́n wà o. Oorun ni wọ́n kàn ń sùn ṣáá. Wọ́n ní ó rẹ àwọn ni.”

“Tí a bá ṣe Mọ́ólúdì tán, wọ́n á rí ìsinmi.”

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìwọ́de, Tàjù wá tẹ ìwé ètò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó ń lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó bó ṣe ń sọdá. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bọ́. Ó ń lọ. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ọ̀dà tí oòrùn ọ̀sán ti yan gbóná, kò sì wẹ̀yìn. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló ké sí i, “Alàájì, bàtà yín.” Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó rẹ́rìn-ín, ó padà wá wọ bàtà rẹ̀. Oúnjẹ tí mo ti bù kalẹ̀, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Mo pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo ní, “Tàjù, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara ẹ wò.”

“Kí ló ṣe mí?” ó ní. “Ṣé o ò rí bí ìlà yẹn ṣe gún ni?”

Irọ́ tí mo pa ló fi ń dá mi lóhùn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè ṣe é mọ́, àfi kí ó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ní Sátidé, níbi ìgbáradì tó kẹ́yìn, a tò sí ìlà. A lu ti ìka mẹ́ta, a lu ti ìkúùkù kan. Nígbà tí Tàjù pe ìkúùkù méjì, mo gbé igi mi dé ibi tó kọ́ mi pé kó dé. Sherif lọ́ra, ó wò mí, ó gbé tiẹ̀. Ẹnì kan tẹ̀lé ẹnì kan, gbogbo wọn gòkè. Ohùn tí a ò tíì gbọ́ láti ìgbà tó ti ra awọ tuntun ló jáde.

“Ẹ dúró,” Tàjù wí. “Ta ló ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sójú ọ̀run? Sàká, ìwọ ni mo rí. Ọ̀la la fẹ́ jáde, òní lo wá fẹ́ bà á jẹ́.”

“Ìkúùkù méjì ni,” mo ní.

“Ìkúùkù méjì ta ni? Sherif, mú okùn wá.”

Okùn náà ló fi ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni méjì á nà án tàntàn sókè ìlù, orí igi sì gbọ́dọ̀ kàn án nígbàkígbà tó bá gòkè. Ìkúùkù ara rẹ̀ ni Tàjù fi wọn gíga okùn náà. Ó ní kí n kọ́kọ́ lù. Igi mi méjèèjì kan okùn. Ti Sherif kàn án. Ti gbogbo àwọn yòókù kàn án. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, àmọ́ ó ní ó dáa, ó gbé ìlù tiẹ̀ sábẹ́ okùn.

Ọ̀tún kàn án. Òsì ò kàn án. Ó tún un ṣe. Ó gbé èjìká sókè kí ọwọ́ lè bá a lọ, igi dùbúlẹ̀ lé etí ìlù. Ó tún un ṣe. Nígbà kẹrin, igi bọ́ sínú koríko, ìka rẹ̀ sì ká síbẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì mú un dání. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

“Láti ìgbà wo?” Tàjù wí. Èmi ló ń wò.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.”

“Ìlà sì ń gún.”

“A mú un wálẹ̀ wá bá ẹ ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.”

Ó wo ìlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo ra awọ mẹ́fà,” ó wí.

Sherif sáré lọ pe kẹ̀kẹ́ kan. Sàdíátù wá bá wa ní ọsibítù, kò tiẹ̀ ráyè pààrọ̀ aṣọ tó fi ń se oúnjẹ. Dókítà, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti ọmọ mi lọ, ní kí Tàjù na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó di ojú. Ti òsì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

“Mi ò mọ̀,” Tàjù wí.

Mo ní, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni.”

Sàdíátù yíjú sí mi.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bàbá bọ̀?” Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Wọ́n máa ṣe síkáànù orí wọn lónìí. Àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé ọwọ́ yìí máa padà sí bó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti wá. Kí lẹ ń dúró dè?”

Tàjù ò jẹ́ kí n dáhùn. Ohùn rẹ̀ wúwo. “Ẹ má bi í. Èmi ni mo kọ́ wọn pé ọwọ́ mi ni kí wọ́n máa tẹ̀lé. Ohun tí mo kọ́ wọn ni wọ́n ṣe.”

Inú bí mi. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń dúró ti ọkùnrin yìí, kò gbà rí pé òun jẹ̀bi ohunkóhun. Ọjọ́ tí ẹ̀bi kì í ṣe tiẹ̀ ló wá fẹ́ gbé e rù.

“Ẹ má dá a lóhùn,” mo sọ fún dókítà. “Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ ohun tó lè jẹ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún un.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Sàdíátù mú fìlà ọkọ rẹ̀ kúrò lórí àga, ó jókòó síbẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.