Oṣù Tí Ìyá Ọkọ Mi Di Olólùfẹ́ Ìwé Ìtàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé wa lóṣù tó kọjá tí mi ò lè dá gbé mì. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yìí. Ọmọ wà lọ́mú, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, torí náà tí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ gbójú fò ó.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo bímọ. Ìbùkún lorúkọ rẹ̀, irun kún orí rẹ̀ bíi ti bàbá rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó lè bá mi wẹ ọmọ. Ẹni tó bá ti bímọ rí á mọ̀ pé nígbà ìkókó, ìjókòó ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọmọ ò ní fi ọmú sílẹ̀, ẹ ò sì lè dìde. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tàwé ní Onípánu bá mi kó ìwé ìtàn àròsọ wá, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àtìgbà tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò ka irú ẹ̀ parí mọ́. Iṣẹ́ ò jẹ́.

Mẹ́ta ló kó wá. "Kọ́kọ́rọ́ Méjì" ni mo kọ́kọ́ kà. Bàbá kan fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní kọ́kọ́rọ́ ilé kan ṣoṣo, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní kí wọ́n má sọ fúnra wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Ìwé yẹn ò nípọn rárá, ẹ lọ wá a kà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀.

Èkejì ni "Ẹja Tútù, Omi Gbígbóná". Ìyá kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà nílẹ̀ Ìlàjẹ ni ìtàn yẹn dá lé lórí. Tí ẹ bá mọ Ìlàjẹ dáadáa, ẹ óò rò pé ẹni tó kọ ọ́ ti báwọn gbébẹ̀ ni. Mò ń gbọ́ òórùn èéfín ẹja nínú yàrá mi! Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀ o, mi ò ní parọ́. Ẹ ṣáà fara dà á dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti dojú dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ló kó wa sí wàhálà.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n ṣàlàyé Màmá fún yín. Ìyá ọkọ mi, ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku ni. Bíbélì rẹ̀ tó ní lẹ́tà gàdàgbà, òun nìkan ló máa ń kà. Tó bá ti rí mi pẹ̀lú ìwé ìtàn, á pòṣé. Ó ní ìwé irọ́ ni. Ó ní ẹni tí kò sí láyé, kí ló kàn mí nínú ìṣòro rẹ̀?

Àfi ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ "Yàrá Kẹta Lápá Ọ̀tún". Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo, "Háà! Ọkùnrin yìí burú o!"

Màmá ń ká ìlédìí lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ló burú?"

Mo ṣàlàyé fún un. Láńre ni, ọkọ Jọkẹ́. Jọkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọkọ rẹ̀ ò wo ojú ọmọ, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Vivian ló ń pè é lórí fóònù ṣáá. Màmá pòṣé, ó ní òun ò bi mí léèrè ìyẹn. Ó ká ìlédìí títí, ó tún èyí tó ti ká tẹ́lẹ̀ ká. Ó wá ní, "Jọkẹ́ wá ń wò ó níran?"

Ó parí! Láti ọjọ́ náà, mo di akàwé Màmá. Tó bá ń wẹ ọmọ, á ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí n gbóhùn sókè, omi ń pariwo. Tó bá wá kan èmi, tó ń fi táwẹ̀lì olómi gbígbóná tẹ ikùn mi, a óò máa ṣàtúpalẹ̀ ohun tá a kà. Ìgbàkígbà tá a bá ti dárúkọ Láńre, ọwọ́ Màmá á le sí i. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni Láńre o!"

Ní ọjọ́rú kan, a dé ibi tí Láńre ti sọ fún Jọkẹ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀, kó gbé ọmọ rẹ̀, kó jáde. Màmá ò lè jẹun ọ̀sán. Ó wé gèlè rẹ̀, ó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ìjọ tó wà ládùúgbò wa ní Fọlá Àgoro. Mi ò mọ ohun tó lọ sọ níbẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, àwọn ìyá ìjọ kan ilẹ̀kùn. Màmá Díákónì ló ṣáájú, Ìyá Sámúẹ́lì tẹ̀ lé e, àwọn méjì mìíràn wà lẹ́yìn. Wọ́n gbé mílíìkì, ọṣẹ àti iṣu wá. Màmá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Inú mi dùn, mo rò pé ọmọ ni wọ́n wá kí.

Màmá Díákónì di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun rí i pé mo ti rù. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ti gbààwẹ̀ fún mi.

Ààwẹ̀ kẹ̀?

Ìyá Sámúẹ́lì bọ́ síwájú. Ó ní, "Ìyàwó, má fi ilé sílẹ̀ fún un o! Níbo lo fẹ́ gbé ìkókó lọ? Sùúrù ni. Gbogbo wa la ní sùúrù. Ọkùnrin á ya wèrè ẹ̀ tán, á padà wálé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Káyọ̀dé ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan níbí ní Ṣómólú, ó sì ti ń pẹ́ dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní iṣẹ́ kàléńdà ló pọ̀. Ṣé kàléńdà ni lóòótọ́? Kí ni gbogbo ìjọ mọ̀ tí èmi tí mò ń sùn tì í ò mọ̀? Omi ti bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni Káyọ̀dé wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ káàsán mà. Màmá Díákónì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ kú ìkàlẹ̀ mà.

Ìyá Sámúẹ́lì wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, dìde. Ta ní ń jẹ́ Vivian?"

Káyọ̀dé lanu. "Vivian? Vivian wo, mà?"

Vivian! Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, mi ò lè dá a dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń wá ibi tí màá dì mú. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti kàn án lọ́pọlọ!"

Mo ké pe Màmá. Màmá wọlé tòun ti omi lọ́wọ́, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó rí iṣu, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àṣé ní ọjọ́rú, Màmá dìde pẹ̀lú ẹkún, ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ nínú àdúrà fún ìyá ìkókó kan tó ń jẹ́ Jọkẹ́, tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ lé jáde nítorí Vivian. Ìyá Sámúẹ́lì ní àwọn ronú pé àgbà ò ní tú àṣírí ọmọ rẹ̀ síta, ó kàn fi orúkọ bò ó ni. Àbí ta ló tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílé yìí?

Mo fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo fi hàn wọ́n.

Màmá Díákónì gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ìwé ni mo febi pa inú mi fún?"

Ojú ti Màmá. Ó ń tú ìró rẹ̀, ó ń ró o. Ẹ̀rù bà mí pé ilẹ̀ ò ní mọ́ kó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àfi bó ṣe gbórí sókè. "Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ohun tójú Jọkẹ́ rí ni. Ìyàwó mi, kà á fún wọn."

Wọ́n ní rárá, àwọn ń lọ. Kò sẹ́ni tó dìde.

Mo kà á. Nígbà tí mo fẹ́ sinmi, wọ́n ní ta ló ní kí n sinmi? Káyọ̀dé fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ ohun tí òun ṣe. A ka ibi tí Jọkẹ́ ti gba yàrá kan ní Bàrígà, tó pọn ọmọ rẹ̀, tó jáde lọ. Láńre wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó mú sùúrù, kó padà sílé.

Ẹnì kan fò dìde. "Má padà o, Jọkẹ́! Má dá a lóhùn!"

Ìyá Sámúẹ́lì ni o! Gbogbo wa yíjú sí i. Òun fúnra rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó rọra jókòó. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyàwó, èyí tí mo sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, má gbà á. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kì í ṣe ìwàásù sùúrù ló yẹ kí n gbé wá bá ẹ. Yàrá ló yẹ kí n gbá sílẹ̀ dè ẹ́."

Màmá ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò bá mi lọ. Ṣé ẹ rò pé màá gbè sẹ́yìn ọmọ mi ni?"

Káyọ̀dé ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe gan-an?" Ẹ̀rín gbalé!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àtìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò mọ ibi tí ìyá ọkọ mi máa dúró sí tí nǹkan bá dojú rú. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ béèrè irú ẹ̀? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi í? Ọ̀rọ̀ Jọkẹ́ tí kò sí láyé ló bá mi bi í, mo sì gbọ́ ìdáhùn lójú ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé tí ẹ bá ríwé tó dáa, ẹ má dá nìkan kà á. Ẹ kà á sókè fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé. Ẹ óò gbọ́ ohun tí kò sọ fún yín rí.

Ó wá ku ẹ̀yin. Ta ló ti gbé ọ̀rọ̀ ẹni inú ìwé karí nílé tiyín? Ìwé wo lẹ kà lóṣù yìí tí ẹ ò lè gbé sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má ṣe ahun. Ẹnì kan ti wẹ ọmọ tán, ó ti jókòó, ó ní ṣé kò sí òmíràn ni?