Igi Obì Bàbá Mi àti Ìgbálẹ̀ Mi

Nígbà tí bàbá mi ti Àbíjàn ní Kọdifuá dé sí Èjìgbò pátápátá, igi obì kan ṣoṣo ni wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé. Àwọn aládùúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Igi igbó ni obì, ibòji àti ọ̀rinrin ló ń fẹ́, ilẹ̀ tiwa sì ti ń di ọ̀dàn. Bàbá mi ò wo ẹnu wọn. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n sì ń sọ fún mi pé obì tí a ó fi ṣe ìdána mi ò ní jẹ́ obì ọjà. Èmi á ní kí wọ́n bá igi náà sọ̀rọ̀ kó tètè so, kí n má baà hewú sílé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Ọdún tí igi náà kọ́kọ́ yọ òdòdó, òdòdó funfun kéékèèké tó ní ilà pupa nínú, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì kú sí wọn lẹ́nu. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù. Ìyá mi ti kú tipẹ́, nítorí náà èmi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí mo wà, tí mo kó padà sílé láti máa tọ́jú wọn, àti igi wọn.

Ìyá mi ti kọ́ mi pé ojú ilẹ̀ ni àlejò fi ń mọ irú ọmọbìnrin tó wà nílé. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, màá gbé bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, màá gbá abẹ́ igi obì náà mọ́ tónítóní, màá kó ewé rẹ̀ jọ, màá sun ún. Ilẹ̀ á pupa, ipa ọwọ̀ á hàn lórí rẹ̀. Inú mi á dùn.

Bàbá mi á nàka sí ewé tí mo kó jọ, wọ́n á máa ṣe “ùn, ùn,” ojú wọn á pọ́n. Mo rò pé wọ́n ní n ò gbá a dáadáa ni.

“Ẹ má bínú, bàbá mi, mo ti rí i.” Màá sì padà lọ gbá èyí tó kù. Bí wọ́n ṣe ń nàka tó ni mò ń gbá tó. Lọ́jọ́ mìíràn inú á bí mi, màá máa ráhùn pé kí ni mo tún fẹ́ ṣe tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, òdòdó rẹ̀ gbẹ dànù láìso. Ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí. Mo bomi sí i, omi ṣàn lọ lórí ilẹ̀ líle náà. Mo gbàdúrà. N ò mọ ohun tó kù kí n ṣe.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ oko ní Kọdifuá, gun ọ̀kadà wá kí wọn láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Wọ́n wo igi náà títí.

“Ta ló ń gbá abẹ́ igi yìí?”

“Èmi ni, sà. Láràárọ̀ ni.” Mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀. “Ọmọ mi, ta ní í gbálẹ̀ igbó? Ewé yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà laṣọ rẹ̀. Gbòǹgbò tó fi ń mumi ò jìnnà sókè, ọwọ̀ ti họ wọ́n tán. Bàbá rẹ mọ̀. Àwọn ló kọ́ mi.”

“Ṣé ó ṣì lè yè, sà?”

Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka kan, ó gbẹ wá dé inú.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Bàbá mi jókòó, wọ́n rí i, wọ́n sì ń sọ fún mi lójoojúmọ́. Ojú tì mí débi pé n ò lè wo ojú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ru ewé máńgòrò apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wá, mo tẹ́ ẹ sí ìdí obì tí ewé kan ò sí lórí rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi.

“Bàbá mi, ṣé báyìí ni?”

Mo dúró kí wọ́n nàka. Ọwọ́ òsì náà wà lórí itan wọn. Wọn ò gbé e, igi gbígbẹ náà ni wọ́n ń wò.