Oníyẹ́ Kíká Méjì

Grandma gbé ẹyin adìyẹ kan lé ẹnu tọ́ọ̀ṣì, inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. "Wo okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Ẹ̀mí nìyẹn." Wọn ò mọ ohun tí mo ti ṣe.

Ìyá arúgbó tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Peckham ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Grandma ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí mo bá ti iléèwé dé, ọgbà ẹ̀yìn wọn ni mò ń gbà lọ, níbi tí koríko gbígbẹ ti ń rùn dídùn, tí àwọn adìyẹ sì ń ráhùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Irú adìyẹ ilé bàbá wọn ni wọ́n ń sìn, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè. Oníyẹ́ kíká kan, oníyẹ́ pẹlẹbẹ kan: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń so wọ́n pọ̀.

"Oníyẹ́ kíká ò gbọdọ̀ fẹ́ oníyẹ́ kíká, d'you hear me? Ọmọ wọn ló máa jìyà ẹ̀."

Ó ká mi lára. Lójú tèmi, àwọn méjì tó rẹwà jù ló yẹ ara wọn. Lọ́jọ́ kan tí Grandma wọlé lọ kírun aláásárì, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ sọ ara mi di alárenà, mo ṣí wáyà tó wà láàárín àkùkọ àti àgbébọ̀ oníyẹ́ kíká. Kí wọ́n tó kírun tán, mo ti tì í padà.

Àwọn ẹyin náà pa, inú mi sì dùn dé ọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí ìyẹ́ hù, ti ọ̀kan ń kán dànù ni, ó di òpìpì, ó ń gbọ̀n. Grandma fi í sínú bùbá wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ ló kú sí.

"Grandma, it was me. Mo fẹ́ kí wọ́n wà pa pọ̀ ni." Ẹkún gbọ̀n mí.

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n jókòó sórí ike tí a dojú ẹ̀ dé. "Má sunkún mọ́. Èmi náà ṣe é rí. Èmi àti ọkọ mi, a rẹwà lójú ara wa, a ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. AS àti AS. Ọmọ wa obìnrin ò lò ju ọdún mẹ́fà lọ." Wọ́n ń fọwọ́ pa òkú ọmọ adìyẹ náà lára. "Adìyẹ ò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò. Èmi ni mò ń bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò."

Grandma ti ṣaláìsí báyìí. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọkùnrin kan jókòó nílé tíì kan ní New Cross, a ṣí ìwé èsì ẹ̀jẹ̀ wa síwájú ara wa. AS àti AS ni wọ́n. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn dénú. A jókòó títí tíì wa fi tutù, lẹ́yìn náà mo dìde, mo fi í sílẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.