Màgáríyà Íńdíà Tí Mo Gbìn ní Ṣómólú

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo gbin igi kan sẹ́yìnkùlé mi ní Ṣómólú, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìmọ̀ mi pa igi ẹlòmíràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni. Kò sí ọmọ tí mo lè sọ fún pé kó dìde dúró, kò sí ìwé tí mo lè fi yíǹkì pupa sí, ọwọ́ sì ń yún mi.

Aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo là wá jẹ́ atẹ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀bú, Alhaji tí kì í pariwo. Ó fẹ́ràn màgáríyà, èso kékeré bíi ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn Hausa máa ń fi bárò tà ní Fádèyí, tó máa ń hunjọ bíi dàbínù tó bá gbẹ. Bó ti ń jẹ ẹ́ ló ń tu kóró rẹ̀ sẹ́bàá ògiri, títí ọ̀kan fi hù. Kò bomi rin ín, kò da ìgbẹ́ adìẹ sí i, síbẹ̀ igi náà ga, ó nà jáde sójú ọ̀nà, ẹ̀gún sì bo ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyàwó Alhaji kú, abẹ́ igi yìí ló ń gbé àga sí nírọ̀lẹ́ títí di àkókò ìrun.

Ara mi kò gba igi tó dàgbà láìgba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta irúgbìn létí títì ní Ọbaníkòró, mo ra màgáríyà ti Íńdíà, èyí tó ní èso rẹ̀ máa ń tó ẹyin adìẹ. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀ka igi Íńdíà ni wọ́n gé, tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ti Hausa kí ó lè rí gbòǹgbò tó le. Ó fi ọ̀rá pupa tí wọ́n fi wé ojú ibẹ̀ hàn mí. Ó tún sọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n èmi ti ń kọ́ ọ bí yóò ṣe to àwọn irúgbìn rẹ̀, kúkurú níwájú, gíga lẹ́yìn, bí a ti ń tò láàárọ̀ ní pápá ilé ìwé.

Mo la ìlà sínú ìwé kan láti fi igi méjèèjì wéra: gíga, ewé, ẹ̀gún àti ìwà. Ti Alhaji, mo kọ ọ́ pé, "Kò létò. Ilé kò kọ́ ọ." Ti tèmi, ẹ̀ka méjì ló ní. Ọ̀kan rọra ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, ewé rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ kò tó nǹkan. Èkejì yọ láti ìsàlẹ̀, ó sì lọ sókè ṣánṣán bí ọmọ tó mọ ìdáhùn tó na ọwọ́. Mo ti fi ọdún márùndínlógójì dá ọmọ tó máa yege mọ̀. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé ọ̀lẹ kúrò.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Bàbá wọn, ewé àwọn méjèèjì yìí ò mà jọra o."

Mo ní, "Ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó ń kàwé àti èyí tó ń sùn."

Ọdún kẹta ni ẹ̀gún igi Alhaji fa agbádá alága ẹgbẹ́ onílé ya. Ní ìpàdé, alága ní kí Tíṣà, ẹni tó mọ̀ nípa igi, là wọ́n lọ́yẹ̀. Èmi náà dìde. Mo ní màgáríyà pín sí ọ̀nà méjì, ti ọ̀làjú àti ti ìgbẹ́, àti pé irú ti ìgbẹ́ kò yẹ kó wà ládùúgbò tí ènìyàn ń gbé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tó ń fi ayùn gégi láti Bàrígà wá gé igi Alhaji ní Sátidé.

Alhaji kò jà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Tíṣà, ibo lẹ wá fẹ́ kí n máa jókòó sí?"

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, èso àkọ́kọ́ lórí igi tèmi ti pọ́n. Wọ́n kéré díẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wa. Mo ní kí ìyàwó mi já nínú ti Alhaji tó yọ sí ọ̀dọ̀ wa, kó kó ti igi kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tirẹ̀, kó má sì sọ èyí tó jẹ́ ti ta ni, kí ìdájọ́ má bàa ní ojúsàájú. Mo tọ́ abọ́ kìíní wò, mo fún un ní ọgọ́rin, mo kọ ọ́ pé, "Ó hàn pé òkèèrè ló ti wá." Abọ́ kejì kan díẹ̀, mo fún un ní márùndínlógójì.

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èyí tó ti òkèèrè wá yẹn, ẹ̀yìn ògiri ló ti wá. Tiyín ló gba márùndínlógójì."

Mo pe òǹtà irúgbìn lórí fóònù. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún yín, Bàbá, pé ohunkóhun tó bá hù lábẹ́ ọ̀rá pupa yẹn, kí ẹ gé e? Ti Hausa nìyẹn. Ẹ ní kí n kọ́kọ́ lọ to irúgbìn mi dáadáa."

Mo wo ìdí igi mi. Kùkùté ọ̀lẹ tí mo gé ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rá pupa sì wà lábẹ́ rẹ̀. Irú igi kan náà ni tèmi àti ti Alhaji. Mo ti gé Íńdíà, mo sì ti fi ọdún mẹ́ta tọ́jú ẹ̀gún.

N kò ní purọ́ fún yín: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n dákẹ́. Bí wọ́n bá gé ti Alhaji, ta ni yóò tún fi méjèèjì wéra? Ìyàwó mi ló dá mi lóhùn láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹnu tí ẹ fi dá igi yẹn lẹ́jọ́ ikú, òun náà lẹ máa fi gbà á sílẹ̀." À ń gbọ́ ayùn tó ti ń ké lójú ọ̀nà.

Mo gbé abọ́ méjèèjì, mo sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Níwájú alága, níwájú agégi àti Alhaji, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan máàkì tí mo fún àwọn méjèèjì.

Alága fa ojú ro. "Tíṣà, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú igi yìí kò yẹ ládùúgbò. Agégi sì ti dé."

Mo ní, "Irú rẹ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé mi. Ẹ wá gé e."

Alhaji mú èso kan nínú abọ́ tèmi, ó tọ́ ọ wò, ó fún ojú pọ̀. "Alága, ẹ jẹ́ kó gé ẹ̀ka tó nà sójú ọ̀nà nìkan ní tèmi. Ní ti èyí, kì í ṣe nítorí ẹ̀gún ni kí ẹ ṣe gé e o. Ó kan ni!"

Wọ́n gé tèmi. Lónìí tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, abẹ́ igi Alhaji ni àga tèmi náà wà. "Bàbá Íńdíà" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, títí kan alága. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Èmi ò tilẹ̀ dé ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi mí kọ́gbọ́n: kí ẹ tó dá ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.