Orin Arẹmọlẹ́kún Inú Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n

Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n orin kan kú, èmi ni mo to àwọn ìwé wọn sí ilé ìkàwé yunifásítì. Lọ́jọ́ kan, màmá arúgbó kan wá láti Ajangbadi.

“Ọmọ mi, ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn gbọ́ orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún lẹ́nu ìyá mi fúnra wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti gbàgbé ohùn rẹ̀. Bá mi wá a.”

Mo rí i, àmọ́ kò sí kásẹ́ẹ̀tì. Bébà lásán ni, dò-re-mí ni wọ́n fi kọ ohùn rẹ̀. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo bá gbé orin náà.

“Ò ń sáré jù! Ìyá mi máa ń dúró níbẹ̀ yẹn, wọ́n á fi ẹkún mi rẹ́rìn-ín.”

Mo tún wo bébà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà pé, “Ìyá rẹ́rìn-ín níbí.” Kí n tó kà á tán, màmá ti gba orin náà lẹ́nu mi, wọ́n ń kọ ọ́ lọ láìwo ìwé. Nínú ilé ìkàwé náà, kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́.